Níbo ni Ẹ̀kọ́ Wà Nínú Eré? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Ẹ̀kọ́ Oyè Gíga nínú Ṣíṣe Géèmù fún Ẹ̀kọ́

Láàárín àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní yunifásítì láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ọ̀kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ kò tíì kà kún iṣẹ́ gidi, nítorí pé ọ̀rọ̀ eré wà nínú orúkọ rẹ̀. Ẹ̀ka náà ni ṣíṣe géèmù fún ẹ̀kọ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní géèmù níhìn-ín ni eré tí ènìyàn ń ta lórí kọ̀ǹpútà tàbí lórí fóònù, tó ní òfin, tó ní ohun tí ẹni tó ń ta á ń lé, tó sì ń fèsì lójú ẹsẹ̀ bí ẹni náà bá ti tẹ bọ́tìnnì. Géèmù fún ẹ̀kọ́ wá ni irú eré bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ṣe é ti pinnu láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kí ẹni tó ń ta á tó dìde, ohun kan pàtó gbọ́dọ̀ ti yé e tí kò yé e tẹ́lẹ̀. Láti kọ́ iṣẹ́ yìí dójú àmì, akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gba oyè àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ olùkọ́, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ìmọ̀ ìrònú ẹ̀dá tàbí iṣẹ́ ọnà yóò padà sí yunifásítì fún oyè másítà, èyí tó sábà máa ń gba ọdún kan sí méjì, tàbí fún oyè ọ̀mọ̀wé, èyí tó máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbéèrè tó wà nídìí ẹ̀ka náà kò ṣòro láti bi, ìdáhùn rẹ̀ ló ṣòro: níbo gan-an ni ẹ̀kọ́ wà nínú eré? Ọ̀pọ̀ géèmù tí wọ́n ń polówó fún àwọn òbí ló fi ẹ̀kọ́ sápá kan, tó fi eré sápá kejì. Ọmọ yóò dáhùn ìbéèrè ìṣirò bíi mélòó kan, wọn yóò sì yọ̀ǹda fún un láti sáré ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà wọn yóò tún pè é padà sídìí ìṣirò. Irú géèmù bẹ́ẹ̀ ń kọ́ ọmọ ní ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò rán an, ìyẹn ni pé ìṣirò jẹ́ ìyà tí ènìyàn ń jẹ kí ó tó débi ìgbádùn. Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dúró lé ni pé iṣẹ́ tó tọ́ sí ẹ̀kọ́ oyè gíga nínú ẹ̀ka yìí, èyí tí ẹni tó mọ kóòdù kọ kò lè dá ṣe, tí olùkọ́ náà kò sì lè dá ṣe, ni láti mú kí ohun tí ọmọ fẹ́ kọ́ di ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe nínú eré gan-an, débi pé kò ní sí bí yóò ṣe borí láìlo ìmọ̀ náà. Lẹ́yìn èyí, kí akẹ́kọ̀ọ́ oyè gíga náà fi ìwádìí tí kò ṣe ojúsàájú wádìí bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Ìtàn ẹ̀ka náà gùn ju bí àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí ṣe rò lọ. Ní 1960 ni Donald Bitzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Illinois, ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ètò PLATO, tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ńlá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́kọ̀ọ́, kò sì pẹ́ tí eré fi wọ inú ètò náà. Ní 1971, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta tó wá láti Carleton College tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, Don Rawitsch, Bill Heinemann àti Paul Dillenberger, ṣe géèmù kan tí wọ́n pè ní The Oregon Trail fún kíláàsì ìtàn tí Rawitsch ń kọ́ ní ìlú Minneapolis. Géèmù náà dá lórí àwọn ìdílé tó fi kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà rìnrìn àjò ọ̀pọ̀ oṣù lọ sí ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kò sí àwòrán kankan tí ọmọ lè wò nígbà náà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, tí wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà tó wà níbòmíràn, ló ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí bébà, tí àwọn ọmọ sì ń tẹ èsì padà sí i: iye owó tí wọ́n fẹ́ fi ra oúnjẹ, iye tí wọ́n fẹ́ fi ra ọta ìbọn, iye tí wọ́n fẹ́ fi ra aṣọ òtútù.

Ohun méjì ló wà nínú géèmù yẹn tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ oyè gíga máa gbé yẹ̀ wò títí dòní. Bí ọmọ bá fẹ́ ṣọdẹ, ó ní láti tẹ ọ̀rọ̀ BANG ní kíákíá, bí ọwọ́ rẹ̀ bá sì ṣe yá tó ni ọdẹ rẹ̀ yóò ṣe rẹ́ran pa tó. Nítorí náà, ohun tí apá eré yẹn ń kọ́ ọmọ ni títẹ bọ́tìnnì, kì í ṣe ìtàn. Ṣùgbọ́n pípín owó tí kò tó nǹkan sí oúnjẹ, aṣọ àti ọta jẹ́ ìpinnu tí àwọn arìnrìn-àjò náà fúnra wọn ṣe, ọmọ tó bá sì ṣì í pín yóò bá ebi tàbí òtútù pàdé lójú ọ̀nà. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn ti wọ inú eré. Nígbà tí Rawitsch lọ ṣiṣẹ́ ní 1974 pẹ̀lú MECC, àjọ tí ìpínlẹ̀ Minnesota gbé kalẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà nílé ẹ̀kọ́, ó padà lọ ka ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tí àwọn arìnrìn-àjò náà fi sílẹ̀, ó sì tún àìsàn, ojú ọjọ́ àti ìjàǹbá inú géèmù náà ṣe kí wọ́n lè máa wáyé bí wọ́n ṣe wáyé nínú àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn. Àtúnṣe yẹn kò fi àwòrán kan ṣoṣo kún géèmù náà, síbẹ̀ òun ló jẹ́ kí ohun tí ọmọ ń kọ́ níbẹ̀ sún mọ́ òtítọ́.

Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìpìlẹ̀ ẹ̀ka yìí ni iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí Thomas Malone kọ fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Stanford ní 1980, níbi tí ó ti béèrè ohun tó ń mú kí ẹ̀kọ́ dùn ún kọ́. Ọ̀kan lára àwọn géèmù tí ó yẹ̀ wò ni Darts, èyí tí Sharon Dugdale àti David Kibbey ṣe fún PLATO. Nínú Darts, àwọn bàlúùnù wà lára ìlà nọ́ńbà kan, ìyẹn ìlà tí wọ́n to nọ́ńbà sí lára bíi ti rúlà; ọmọ yóò fojú díwọ̀n ibi tí bàlúùnù kan wà, yóò tẹ nọ́ńbà tí ó rò pé ó wà níbẹ̀, bóyá méjì àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ọfà yóò sì fò lọ síbi tí ó dárúkọ. Bí ó bá ṣe é re, bàlúùnù yóò bẹ́. Bí kò bá ṣe é re, ọfà náà yóò dúró síbi tó gún, ọmọ yóò sì fojú ara rẹ̀ rí i bóyá ìdá tí òun pè ti pọ̀ jù tàbí ó ti kéré jù, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi bírò pupa fagi lé iṣẹ́ rẹ̀.

Malone ṣe oríṣiríṣi ẹ̀dà Darts, ó yọ orin kúrò nínú ọ̀kan, ó yọ bàlúùnù tó ń bẹ́ kúrò nínú òmíràn, kí ó lè mọ èyí tó ń fa àwọn ọmọ mọ́ra gan-an, ó sì rí i pé bàlúùnù bíbẹ́ tó wu àwọn ọmọkùnrin kò wu àwọn ọmọbìnrin. Ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ tẹnu mọ́ jẹ́ mẹ́ta: ìpèníjà, èyí tí kò gbọdọ̀ rọrùn jù tàbí kó le jù, ayé ìtàn inú eré, tó ń jẹ́ kí ọmọ fi ara rẹ̀ sípò ọdẹ tàbí akọni, àti ìfẹ́ ìtọpinpin. Lórí ayé ìtàn yìí ni ó ti ṣe ìyàtọ̀ kan tí àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ kò lè fò dá. Ó ní ìtàn kan wà tó kàn jókòó lé ẹ̀kọ́ lórí, tí ènìyàn lè ká kúrò kó sì fi òmíràn rọ́pò láìsí ohun tó bàjẹ́. Òmíràn sì wà tó lọ́ mọ́ ẹ̀kọ́ náà débi pé bí wọ́n bá yọ ọ̀kan, èkejì kò lè dúró.

Ó lé ní ogún ọdún kí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ìyàtọ̀ yìí sórí ìwọ̀n, iṣẹ́ náà sì yẹ ní títúpalẹ̀ fínnífínní, nítorí pé ó fi ohun tí ẹ̀kọ́ oyè gíga wà fún hàn ju àlàyé èyíkéyìí lọ. Jacob Habgood ti ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù fún títà kí ó tó lọ sí Yunifásítì Nottingham, ó parí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ ní 2007, òun àti Shaaron Ainsworth sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011. Géèmù tó fi ṣe ìwádìí náà ni Zombie Division, tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ ọdún 7 sí 11. Nínú rẹ̀, akọni kan ń bá àwọn òkú tó ku egungun nìkan jà, nọ́ńbà sì wà láyà òkú kọ̀ọ̀kan. Ìjà tí akọni náà lè jà pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró fún nọ́ńbà kan tí wọ́n fi ń pín. Bí òkú tó gbé 15 láyà bá yọ sí i, tí ó bá fi ìjà tó ń pín sí 5 kọlù ú, òkú náà ṣubú, nítorí 5 pín 15 láìṣẹ́kù. Bí ó bá fi èyí tó ń pín sí 2 kọlù ú, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fara gbọgbẹ́. Bí nọ́ńbà kan bá sì yọ tí kò sí èyí tó lè pín in nínú ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó yà fún un ló kù. Ọmọ tó ń ta eré náà kò dúró ṣe ìṣirò kí ó tó jà. Ìṣirò ni ìjà náà.

Ibi tí ọgbọ́n ìwádìí wà ni pé Habgood kò ṣe ẹ̀dà kan ṣoṣo. Nínú ẹ̀dà kejì, akọni yẹn náà ni, òkú yẹn náà ni, àwòrán àti orin kò yí padà, ṣùgbọ́n àmì tó ń tọ́ka sí ìjà tó yẹ ló wà láyà wọn dípò nọ́ńbà, wọ́n sì kó ìbéèrè ìṣirò yẹn kan náà jọ sí òpin ìpele kọ̀ọ̀kan fún ọmọ láti dáhùn. Ẹ̀dà kẹta kò ní ìṣirò kankan, òun ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Àwọn ọmọ 58 ló ta àwọn ẹ̀dà yìí fún wákàtí méjì ní kíláàsì, olùkọ́ wọn sì wà pẹ̀lú wọn láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn tó ta ẹ̀dà tí ìṣirò ti wà nínú ìjà ló jèrè ìmọ̀ jù. Nínú ìwádìí kejì, wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ 16 yan ẹ̀dà tó bá wù wọ́n nínú méjèèjì tó ní ìṣirò, àkókò tí wọ́n lò lórí ẹ̀dà àkọ́kọ́ sì jẹ́ ìlọ́po 7 èyí tí wọ́n lò lórí ẹ̀dà kejì. Òǹkàwé yóò kíyè sí i pé ìṣirò kan náà ni, iye rẹ̀ kò sì dín kù; ibi tí wọ́n gbé e sí nìkan ló yàtọ̀. Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ náà kò pọ̀, pàápàá àwọn 16 ti ìwádìí kejì, ẹ̀rí kan kò sì tó láti fi ṣòfin fún gbogbo ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ìwádìí kan mú àríyànjiyàn tó ti pẹ́ tó báyìí kúrò lẹ́nu àwọn olùpolówó, kí ó sì gbé e sójú ibi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo eré pẹ̀lú ojú ẹni tó gbé òfin rẹ̀ kalẹ̀. Ní 2004, Robin Hunicke, Marc LeBlanc àti Robert Zubek ṣe ìlànà kan tí wọ́n pè ní MDA, tí wọ́n ń lò káàkiri nínú kíkọ́ni ní iṣẹ́ yìí, èyí tó pín eré sí ìpele mẹ́ta: òfin eré, ìwà tí òfin yẹn ń bí nígbà tí àwọn ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, àti bí ó ṣe ń rí lára ẹni tó ń ta á. Ayò ọlọ́pọ́n lè mú ìlànà yìí yé òǹkàwé Yorùbá dáadáa. Òfin ayò kò pọ̀: ilé 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, kí atayò máa fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan yí ọpọ́n ká, kí ó sì jẹ nígbà tí ọmọ ìkẹyìn rẹ̀ bá sọ ilé ẹnìkejì di méjì tàbí mẹ́ta. Kò sí ibi tí òfin ti ní kí ẹnikẹ́ni kó odù, ìyẹn ọ̀pọ̀ ọmọ ayò, jọ sí ilé kan, síbẹ̀ ọ̀ta, ìyẹn atayò tó mọ̀ ọ́n ta, ń kó o jọ, nítorí òfin náà fúnra rẹ̀ ló bí ọgbọ́n yẹn. Ara òpè tó ń gbóná, àti ẹ̀fẹ̀ àwọn tó dúró lórí ọpọ́n, kò sí nínú òfin rárá, bẹ́ẹ̀ kò sí ayò láìsí wọn. Ẹni tó ń ṣe eré kò lè fọwọ́ kan ìpele kẹta yìí ní tààrà. Òfin nìkan ló wà níkàáwọ́ rẹ̀ láti yí, kí ó sì máa ṣọ́ ohun tí yóò ti ibẹ̀ yọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sì ti dórí ọpọ́n, ó yẹ ní sísọ pé atayò ń kà, ó ń rò pọ̀, ó ń yọ kúrò, ó sì ń ro ohun tí ẹnìkejì yóò ṣe kí ó tó gbé ọwọ́, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń fún un ní ìdánwò ìṣirò lẹ́yìn eré. Bí wọ́n ṣe gbé ìṣirò sínú ìjà ní Nottingham, bẹ́ẹ̀ ló ti wà nínú ayò láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ nínú ẹ̀ka yìí kì í fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ sáré sídìí kọ̀ǹpútà. Bébà, sísọ́ọ̀sì, òkúta wẹ́wẹ́ àti dáìsì ni wọ́n fi ń ṣe àwòṣe àkọ́kọ́, nítorí pé eré tí wọ́n fi bébà ṣe ní ọ̀sán kan kì í dun ẹnikẹ́ni láti fà ya, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi oṣù mẹ́ta kọ kóòdù rẹ̀ máa ń ṣòro láti jù nù bí ó tilẹ̀ burú. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò gbé e fún àwọn ọmọ tí wọ́n ṣe é fún, akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú ìwé àti bírò, kò sì gbọdọ̀ ṣàlàyé ohunkóhun. Bí ọmọ bá dúró tí kò mọ ohun tó kàn, bí ó bá rí ọ̀nà ẹ̀bùrú tí yóò fi borí láìlo ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé síbẹ̀, géèmù náà ló kù díẹ̀ káàtó, kì í ṣe ọmọ. Láti jókòó dákẹ́ kí ènìyàn máa wo bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń kùnà níwájú ọmọ ọdún mẹ́jọ wà lára ohun tó le jù nínú ẹ̀kọ́ yìí, kò sì sí ìwé tó lè rọ́pò rẹ̀.

Àwọn yunifásítì kò gbé e gba ọ̀nà kan náà. Ní Carnegie Mellon, ní ìlú Pittsburgh, Randy Pausch àti Don Marinelli dá Entertainment Technology Center sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1990, oyè másítà ọlọ́dún méjì ni wọ́n ń fúnni níbẹ̀, iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe sì ni òpómúléró rẹ̀: ayàwòrán, akọkóòdù, òǹkọ̀wé àti olórin yóò wà nínú ẹgbẹ́ kan, wọn yóò sì gbé ohun tó ṣeé ta jáde láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ní Yunifásítì New York, abẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ Steinhardt, tí iṣẹ́ olùkọ́ni wà lára ohun tó ń kọ́ni, ni wọ́n gbé oyè másítà lórí géèmù fún ẹ̀kọ́ sí, níbi tí Jan Plass àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi ìmọ̀ ìrònú ẹ̀dá wádìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọkàn ẹni tó ń ta géèmù. Ní Wisconsin, ní Madison, James Paul Gee, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, tẹ ìwé kan jáde ní 2003, tó fi sọ pé àwọn géèmù ọjà tó dára ti ń lo ìlànà ìkọ́ni tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kò lò, pàápàá bí wọ́n ṣe ń fún ènìyàn ní àlàyé ní àkókò tí ó nílò rẹ̀ gan-an, tí wọn kì í dà á lé e lórí ṣáájú. Àwọn ọ̀nà yìí nílò ara wọn. Ibi tí wọ́n bá ti ń ṣe eré láìṣe ìwádìí, géèmù tó rẹwà tí kò ní ẹ̀rí ni yóò ti ibẹ̀ jáde; ibi tí wọ́n bá sì ti ń ṣèwádìí láìmọ eré ṣe, wọn yóò máa díwọ̀n géèmù tí ọmọ kankan kò ní fẹ́ fọwọ́ kàn bí olùkọ́ bá ti yẹjú kúrò.

Ẹni tó bá rò pé gbígbé géèmù wọ kíláàsì yóò mú ayọ̀ bá gbogbo ọmọ yẹ kó ka iṣẹ́ Kurt Squire, ẹni tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Indiana kí ó tó lọ máa kọ́ni ní Wisconsin. Squire lo Civilization III, géèmù ọjà kan tó gba ènìyàn láyè láti tọ́jú orílẹ̀-èdè kan láti ìgbà láéláé, láti kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìtàn ayé. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin àwọn ọmọ náà ló ráhùn pé ó le jù, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin mìíràn ló fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, àwọn kan tí ilé-ìwé kò rọ̀ lọ́rùn tẹ́lẹ̀ sì wà lára wọn. Wọ́n pàdánù léraléra kí òye òfin eré náà tó yé wọn, ìpàdánù yẹn ló sì mú kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdí tí omi, irin tàbí ibi tí ìlú kan tẹ̀dó sí fi lè pinnu ẹni tó máa lágbára ju ẹnìkejì lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gba oyè nínú ẹ̀ka yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé olùkọ́ kò kúrò ní kíláàsì nígbà tí géèmù bá wọlé. Òun ni yóò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú eré di ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ ń gbé yẹ̀ wò.

Ìgbéléwọ̀n, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ọmọ ti mọ nǹkan, ti di ẹ̀kọ́ ńlá kan lọ́tọ̀. Valerie Shute, ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Florida, ló ṣe alágbàwí ìgbéléwọ̀n tó wà nínú eré láìjẹ́ pé ọmọ mọ̀ pé wọ́n ń dán òun wò. Nínú Physics Playground, géèmù tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, ọmọ yóò fi ọwọ́ ya nǹkan sójú kọ̀ǹpútà, ohun tí ó bá yà yóò sì ní ìwúwo bí ohun gidi, yóò fi í gbé bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ewé kan lọ kan bàlúùnù pupa. Ó lè ya ohun tó dagun kí bọ́ọ̀lù yí gba ibẹ̀, ó lè ya ohun tó ń fì, ó sì lè ya igi tí wọ́n tẹ̀ lápá kan kí apá kejì lè gbé nǹkan sókè. Kọ̀ǹpútà ń ṣàkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí ó yà, ìgbà tí ó gbìyànjú àti èyí tó yọrí, láti inú àkọsílẹ̀ yìí ni wọ́n sì ti ń ṣe ìṣirò bí òye ọmọ náà ṣe tó nípa agbára àti ìrìn àwọn nǹkan. Ọ̀nà yìí dára ju ìdánwò tó ń já ọmọ láyà lọ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí òbí àti ọmọ mọ ohun tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ nípa wọn àti ẹni tó ń pa á mọ́, ètò oyè gíga tí kò bá sì kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ojúṣe yẹn kò tíì kọ́ ọ tán.

Àbájáde gbogbo iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ní 2016, Douglas Clark àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ìwádìí 57 tó fi géèmù wé ọ̀nà ìkọ́ni tí kò lo géèmù jọ, wọ́n sì rí i pé géèmù ṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láǹfààní, ní ìwọ̀n tó mọ níwọ̀n. Èyí tó tún yẹ fún àkíyèsí ni ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n fi géèmù wé géèmù: àǹfààní tó wà nínú títún àgbékalẹ̀ géèmù ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àǹfààní tó wà nínú lílo géèmù fúnra rẹ̀ dọ́gba. Ìyẹn ni pé ríra kọ̀ǹpútà àti géèmù kún kíláàsì kò tó, bí kò bá sí àwọn ènìyàn tí wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ilẹ̀ Yorùbá ní ohun tí ó lè fi sínú ẹ̀ka yìí, ó sì pọ̀ ju títúmọ̀ géèmù elédè Gẹ̀ẹ́sì lọ. Kí òǹkàwé wo òǹkà. Bí géèmù kan bá kàn fi nọ́ńbà 45 hàn, tí ohùn kan sì pè é ní márùndínláàádọ́ta kí ọmọ tún un pè, ẹ̀yìn eré ni ẹ̀kọ́ náà jókòó sí. Ṣùgbọ́n òǹkà Yorùbá jẹ́ iṣẹ́ tí ọwọ́ lè ṣe: ogún lọ́nà mẹ́ta jẹ́ ọgọ́ta, mẹ́wàá kúrò níbẹ̀ jẹ́ àádọ́ta, márùn-ún tún kúrò níbẹ̀ jẹ́ márùndínláàádọ́ta. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọṣẹ́ lè ṣe eré ọjà kan tí wọ́n ti ń fi owó ẹyọ náwó, tí owó ẹyọ kò ní ṣeé kó kalẹ̀ àfi ní ogún ogún, tí ọmọ tó fẹ́ san 45 yóò fi ní láti kó ogún mẹ́ta kalẹ̀, kí ó mú mẹ́wàá kúrò, kí ó tún mú márùn-ún kúrò, kí oníṣòwò tó gbà á. Ọmọ tó bá ń ná irú ọjà bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ ní Ìbàdàn, ní Kétu tàbí nílé àwọn òbí Yorùbá tó ń gbé ní London, ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìṣirò tó wà nínú òǹkà náà ní gbogbo ìgbà tí ó bá rajà.

Bí wọ́n ṣe máa mọ̀ bóyá irú eré bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ náà kì í ṣe ohun àjèjì. Ní 1970, ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tó fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ wọn fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì fi àwọn kíláàsì mìíràn ṣe òṣùwọ̀n, níbi tí wọ́n ti yí sí èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta. Àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ kò rẹ̀yìn, àní nínú ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Fífi kíláàsì wé kíláàsì lọ́nà tí kò ṣe ojúsàájú, èyí tí Habgood fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ní Nottingham, ti wáyé ní Ifẹ̀ ní nǹkan bí ogójì ọdún kí àbájáde ti Nottingham tó jáde.

Yunifásítì Ìlọrin ti ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ fún ẹ̀kọ́, àwọn yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá sì ní ẹ̀ka èdè, ẹ̀ka kọ̀ǹpútà àti ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà tó ń kọ́ni dé oyè ọ̀mọ̀wé, nítorí náà kò di ìgbà tí wọ́n bá kọ́ ilé tuntun kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ sí àwọn ọ̀gá ẹ̀ka wọ̀nyí ni pé kí wọ́n gba akẹ́kọ̀ọ́ oyè másítà kan tàbí méjì fún iṣẹ́ yìí ní ọdún ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀, kí wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní alábòójútó méjì, ọ̀kan láti ẹ̀ka èdè tàbí ti iṣẹ́ olùkọ́, ọ̀kan láti ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, kí wọ́n gbà kí géèmù tí ó ṣe jẹ́ apá kan iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀, kí géèmù náà lè ṣiṣẹ́ lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú láìlo íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n má sì gba iṣẹ́ náà wọlé àfi bí àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bá ti ta á, tí wọ́n sì ti fi wọ́n wé àwọn tí kò ta á.